Ẹ Tú Ọ̀rá Oògùn Yín Sílẹ̀ Kí N Rí I

"Kí lẹ ń lò tẹ́lẹ̀?" Ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá ra oògùn lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Ìdáhùn tí mo sì ń gbà jù ni "Kò sí." Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń mí hẹlẹ nítorí àtẹ̀gùn díẹ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kò sí. Àfi bí mo bá là á mọ́lẹ̀, tí mo ní, "Ẹ ò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Bàbá?" ìgbà yẹn ni màá tó gbọ́: "Áà, ìyẹn kẹ̀? Ìyẹn ti wà tipẹ́. Ojoojúmọ́ nìyẹn." Ohun tí wọ́n ń gbé mì láràárọ̀ ti kúrò ní oògùn lójú wọn. Èyí tí wọ́n wá rà lónìí nìkan ni oògùn.

Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta oògùn. Mo kàwé rẹ̀ ní yunifásítì, ìwé àṣẹ mi wà lára ògiri, síbẹ̀ àwọn kan ń pè mí ní dókítà, àwọn kan ní nọ́ọ̀sì, àwọn ìyá àgbà sì ń pè mí ní Ìyá Kẹ́míìsì. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń jẹ́. Ohun tí n kì í gbà ni kí ẹni tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ra oògùn kún oògùn láì jẹ́ kí n rí ohun tó wà nílé. "Ẹ tú ọ̀rá oògùn yín sílẹ̀ kí n rí i." Wọ́n ti ń fi gbólóhùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ mi ládùúgbò.

Ìdí tí mo fi le bẹ́ẹ̀ ni pé oògùn méjì tó dára, tí dókítà gidi kọ, tó ní nọ́mbà NAFDAC, lè pàdé nínú ara ẹnì kan kí wọ́n sì ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Ìbẹ̀rù ayédèrú oògùn ti wọ̀ wá lára débi pé tí a bá ti rí nọ́mbà lára páálí, ọkàn wa á balẹ̀. Nọ́mbà yẹn ò sọ ohunkóhun nípa oògùn kejì tó wà nínú àpò.

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú wá ra ohun tó pè ní "oògùn ẹsẹ̀ wíwú". Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú débi pé okùn bàtà ti wọnú ẹran. Mo wọn BP rẹ̀, èyí tó wà lókè lé ní 180. Mo ní kó lọ kó oògùn ilé wá. Inú bí i. Owó ló mú wá, kì í ṣe ẹjọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé ọ̀rá dúdú náà dé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, mo sì tú u sórí káúńtà.

Lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wà níbẹ̀, páálí rẹ̀ ti já, wọ́n fi rọ́bà dè é. Amiloride tí wọ́n pò mọ́ hydrochlorothiazide wà níbẹ̀, ìyẹn oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Moduretic tàbí Normoretic. Diclofenac, oògùn ìrora, wà níbẹ̀. Ibuprofen tún wà níbẹ̀, wọ́n tú u sínú bébà funfun kékeré, wọ́n fi bírò kọ "2-2-2" sí i lára láìkọ orúkọ, àwọ̀ àti àmì ara hóró rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Vitamin C kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Àti ìgò omi oníke kan tí àgbo kún inú rẹ̀ dé ìdajì.

Mo gbé diclofenac sókè. "Ìyá mi, ta ló fún yín ní èyí?"

"Dókítà orúnkún ni."

"Ṣé ẹ sọ fún un pé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Kò bi mí."

"Dókítà tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ó mọ̀ pé orúnkún ń dùn yín?"

"Ṣé kí n wá máa ka gbogbo àìsàn ara mi sí i létí ni? Ẹ ò mọ bí èrò ṣe ń pọ̀ níbẹ̀ ni?"

Mo mọ̀. Ẹni tó jí lọ gba nọ́mbà ní ìdájí, tó jókòó títí ọ̀sán, tó wá rí dókítà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ní fi ìṣẹ́jú yẹn ròyìn orúnkún fún ẹni tí kò béèrè. Dókítà náà ń wo káàdì tó wà níwájú rẹ̀. Orúnkún ò sí nínú káàdì yẹn, inú káàdì ọsibítù mìíràn ló wà. Ibuprofen ò sí nínú káàdì kankan rárá, ọwọ́ ọmọkùnrin tó ń ta oògùn nínú ọjà ló ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú ara ìyá yìí, nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú rẹ̀. Ọmọ ìyá ni diclofenac àti ibuprofen. Ẹni tó bá lò wọ́n pọ̀ kò ní rí ìtura méjì, ìnira ikùn àti ti kíndìnrín ló máa pọ̀ sí i. Àwọn oògùn ìrora yìí máa ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú. Ẹsẹ̀ á wú, BP á gòkè, á sì dà bíi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ká ní ìyá yìí padà sí ọsibítù láìgbé ọ̀rá rẹ̀ dání ni, wọ́n lè fi amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un. Amlodipine fúnra rẹ̀ sì máa ń mú ẹsẹ̀ wú. Wọ́n á tún wá oògùn fún wíwú yẹn. Mo ti rí ẹni tó ń gbé oògùn tó kún ọwọ́ mì láràárọ̀, tó jẹ́ pé nínú wọn, èyí tó ń wo àìsàn gan-an kéré. Ìyókù ń wo ohun tí oògùn ẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀.

Kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ẹ wo táǹkì omi tó wà lórí ilé. Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ ti dín omi inú táǹkì kù. Diclofenac fún páìpù tó ń gbé omi wọlé pọ̀. Lisinopril sì ṣí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Agbára wo ló kù fún omi náà láti fi ta? Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ fi agbára gba inú kíndìnrín kọjá kó tó lè sẹ́ ìdọ̀tí kúrò. Nígbà tí oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, pàápàá lára àgbàlagbà tí kì í mu omi tó, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Aláìsàn kò ní mọ̀. Ó lè máà dùn ún níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ potassium, èròjà kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, tún wà níbẹ̀. Lisinopril máa ń jẹ́ kí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, amiloride náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, diclofenac sì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Bí potassium bá ti kọjá àlà, ọkàn lè ṣàdédé dúró. Dókítà máa ń kọ lisinopril àti amiloride pọ̀ nígbà míì, kò burú bí wọ́n bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò déédéé. Ìyá Ìtòkú kò rántí ìgbà tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo ní kó dá diclofenac àti ibuprofen dúró, kó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ bó ṣe wà, kó sì padà sí ọsibítù rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá sí ìwé kan fún un. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kíndìnrín ti ń rẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò tíì bàjẹ́. Dókítà náà yọ amiloride kúrò. Wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún ṣì ń dùn ún. Paracetamol ló ń lò báyìí, kò sì tó o. Títí di òní, bó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á nawọ́ sí orúnkún rẹ̀, á ní, "Ẹ rí i bẹ́ ẹ ṣe ṣe mí?"

Ọ̀rọ̀ oògùn ìrora le nílùú wa ju ibòmíràn lọ. Abẹ́òkúta níbí ni Jacob Sogboyega Odulate ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Alábùkún ní ọdún 1918. Kò sí ilé tí n kò ti rí i nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo fi ń yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, aspirin á sì máa ṣe bíi aspirin bó ti wù kó pẹ́ tó tí a ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, tàbí tó ń lo warfarin nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì ní ẹsẹ̀ tàbí nítorí pé wọ́n pààrọ̀ fáàfù ọkàn rẹ̀, kò yẹ kó dà á sẹ́nu láìbéèrè. Warfarin ni oògùn tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ̀n díẹ̀ ló wà láàárín ibi tó ti ń ṣàǹfààní àti ibi tó ti ń mú èèyàn ṣẹ̀jẹ̀. Flagyl, tí gbogbo ilé ń rà bí inú bá ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, máa ń gbé agbára warfarin sókè. Septrin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, náà ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìfun, ìgbẹ́ á dúdú bí ọ̀dà, ẹni náà á rò pé oúnjẹ tó jẹ ni.

Septrin yìí kan náà ló ń dààmú àwọn tó ń lo glibenclamide fún àtọ̀gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Daonil. Ó máa ń jẹ́ kí glibenclamide pẹ́ lára, ṣúgà á wá já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní òru ló máa ń ṣẹlẹ̀: òógùn tútù, gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Mo mọ ilé kan tí wọ́n ti ń gbàdúrà lé bàbá lórí kí ọmọ rẹ̀ kan tó ronú láti fún un ní omi ṣúgà. Mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà o. Kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ṣúgà.

Ìyẹn ni àwọn tó ń fi ariwo hàn. Àwọn mìíràn wà tí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe lójú ẹsẹ̀, oògùn náà kàn máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n kọ ciprofloxacin fún nítorí táífọ́ọ̀dù, tí ọgbẹ́ inú sì ń yọ lẹ́nu, á gbé ciprofloxacin mì, á sì fi oògùn ọgbẹ́ inú olómi funfun tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Magnesium àti aluminium inú oògùn funfun yẹn á so mọ́ ciprofloxacin nínú ikùn, ara ò ní lè gbà á, wọ́n á jọ bá ìgbẹ́ jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron nínú ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni náà á parí oògùn rẹ̀, ibà ò ní lọ, á ní ciprofloxacin tí mo tà fún un kò dára, á wá bèèrè abẹ́rẹ́. Ẹ lo ciprofloxacin ní wákàtí méjì ṣáájú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn, tàbí kẹ́ ẹ dúró di wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn wọn.

Rifampicin tí wọ́n ń lò fún ikọ́ ife náà wà lára wọn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń lò ó, ní gbogbo àkókò yẹn ló sì ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára run àwọn oògùn mìíràn. Hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí á di yẹpẹrẹ, èyí tí wọ́n fi sí apá náà á dínkù lágbára. Obìnrin kan tí ikọ́ ife rẹ̀ ti ń lọ dáadáa wá ra ìdánwò oyún lọ́dọ̀ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò lè jẹ́ òtítọ́, nǹkan ṣì wà lápá òun. Òtítọ́ ni. Kò sí ẹni tó sọ fún un, nítorí ọ̀tọ̀ ni yàrá tí wọ́n ti ń gba oògùn ikọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbà kan náà ni. Èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ àti abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta, rifampicin kì í bà wọ́n jẹ́. Bí wọ́n bá sọ fún un ní ọjọ́ kìíní, ìpààrọ̀ lásán ni ì bá jẹ́.

Ẹrù láti òkè òkun ńkọ́? Ọmọ tó wà ní London á fi simvastatin 40 mg ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nítorí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Bàbá sì ti ń lo amlodipine nílé. Láti ọdún 2011 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé ẹni tó ń lo amlodipine kò gbọdọ̀ lo simvastatin ju 20 mg lọ lójúmọ́, nítorí amlodipine máa ń jẹ́ kí simvastatin pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Bí bàbá yìí bá tún ní ọgbẹ́ inú, tí wọ́n kọ oògùn alápòpọ̀ tó ní clarithromycin nínú fún un, ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ lo clarithromycin àti simvastatin pọ̀ rárá. Ìrora á gba gbogbo ara, ìtọ̀ á pupa dúdú bíi Coke. Omi ọsàn gírépù náà ń ṣe irú ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Kánádà ló ṣèèṣì rí i: wọ́n fi omi gírépù bo adùn ọtí nínú ìdánwò kan tí wọ́n ń ṣe lórí ọtí àti felodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bí ìwọ̀n oògùn inú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wọn ṣe lọ sókè nìyẹn. Wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1991.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èrò tó pọ̀ ní ọsibítù wa nìkan ló fà á. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìdínlógún kan tó ń jẹ́ Libby Zion kú ní ọsibítù ní New York. Ó ń lo phenelzine nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọ́n sì fún un ní pethidine, oògùn ìrora tó lágbára. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé ìpàdé oògùn méjèèjì ló pa á. Bàbá rẹ̀ kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà tutù, ẹjọ́ náà ló sì fa òfin tí New York fi lélẹ̀ ní 1989 pé dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí ọgọ́rin lọ lọ́sẹ̀. Òfin tó dára ni. Síbẹ̀, dókítà tó sùn dáadáa náà lè gbàgbé láti bèèrè.

Mo ti ń yẹra fún ọ̀rọ̀ àgbo, torí mo mọ ariwo tí yóò tẹ̀lé e. Àgbo ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà, èmi kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ìdí tí ó fi ń bà mí lẹ́rù ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Ewúro máa ń fa ṣúgà wálẹ̀, zobo máa ń fa BP wálẹ̀. Ẹni tó bá ń mu wọ́n lámuyó lórí oògùn rẹ̀ ti fi kún oògùn láìmọ̀. Kánún tí wọ́n ń jù sínú àgbo kún fún iyọ̀ tí wọ́n ní kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru yẹra fún. Àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹni tó ń lo glibenclamide tàbí oògùn oorun kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìyá Ìtòkú kò mọ ewé kankan nínú ìgò rẹ̀. Mo wá alágbo náà lọ nínú ọjà. Ó ka ewé, egbò àti èèpo fún mi láìfi ọ̀kan pa mọ́, ó tilẹ̀ bi mí léèrè èyí tí kò yẹ kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru mu. Kánún ló wà nínú rẹ̀, ó ní òun á máa se ti ìyá náà lọ́tọ̀. Mo rántí àwọn dókítà kan tí mo ti pè lórí fóònù, mo sì rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń ta oògùn ọkùnrin ni kì í dáhùn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ewé lásán ni. Léraléra ni àjọ FDA ti bá sildenafil, ìyẹn oògùn tó wà nínú Viagra, nínú irú oògùn "ewé lásán" bẹ́ẹ̀. Sildenafil àti oògùn àyà dídùn tó ní nitrate kò gbọdọ̀ pàdé láéláé, BP á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ sọ fún mi ní kọ̀rọ̀. N kì í pariwo.

Bí ẹ ò bá lè gbé ọ̀rá wá, ẹ fi fóònù ya àwòrán ìdí páálí kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ tí wọ́n kọ ní lẹ́tà kékeré hàn, torí orúkọ ńlá iwájú yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ṣúgà tàbí ti ọkàn dúró nítorí ohun tẹ́ ẹ kà níbí. Ẹni tó kọ ọ́ lẹ máa bá sọ ọ́. Bí ìgbẹ́ bá dúdú, bí ìtọ̀ bá ṣọ̀wọ́n tàbí tó pupa dúdú, bí òòyì bá ń kọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, tẹ̀yin ti ọ̀rá. NAFDAC ní fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi ń ròyìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ó wà lábẹ́ káúńtà mi, bí ẹ bá sì mú ọ̀rá dé, màá bá yín kọ ọ́.